Odùsànyà mẹ́ta nínú pọ́tímántò kan: bí a ṣe ń to lẹ́tà, fọ́tò àti ìwé àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà

Nígbà tí a fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Mo bá fọ́tò kan nínú pọ́tímántò wọn: ọkùnrin kan jókòó sórí àga, ó dé fìlà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Wọ́n fi báírò kọ “Pa Odusanya” sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ó parí, bàbá bàbá mi rèé. Mo gbé e sí ojú ewé kejì, a sì tẹ ẹ̀dà 300.

Lọ́jọ́ òkú, ìyá àgbà kan gba ìwé náà, ó sún un mọ́ ojú, ó tún nawọ́ rẹ̀ jìnnà, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni ayálégbé yín ń ṣe níbí?”

Odùsànyà ni ayálégbé náà ń jẹ́ lóòótọ́. Ṣágámù ló ti wá, ó gba yàrá lọ́dọ̀ bàbá bàbá mi, tí òun náà ń jẹ́ Odùsànyà. Nígbà tí mo wá fi ara balẹ̀ jókòó ti pọ́tímántò yẹn, mo rí i pé Odùsànyà kẹta tún wà níbẹ̀. (Orúkọ tí mo ń lò níhìn-ín kì í ṣe tiwa gan-an. Mo mú un nítorí pé ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa débi pé kò sẹ́ni tó máa rò pé òun ni mò ń bá wí.)

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ilé tó ń bọ Odù kò lóǹkà, gbogbo wọn ló sì ń sọmọ ní Odùsànyà, Odùkọ̀yà àti Odùbánjọ. Ilé ọlọ́nà ń bí Ọnàbánjọ ní ìlú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá fi Táíwò, Kẹ́hìndé, Òjó, Àìná àti Babátúndé lé e, àwọn orúkọ tí kò bi ilé léèrè rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ to ìwé ìdílé rẹ̀ pé: ẹ má to ìwé sábẹ́ orúkọ. Ẹ tò ó sábẹ́ ènìyàn, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó gbà pé ẹ mọ ẹni náà. Bí mo ṣe wá ń ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má tíì tú ẹrù náà

Ẹ fi fóònù ya àpótí náà bí ẹ ṣe bá a. Bí ẹ bá ti ń gbé ìpele kan kúrò, ẹ ya èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi okùn kan dì pọ̀, ó ní ohun tó pa wọ́n pọ̀: bóyá ẹnì kan ló ni wọ́n, bóyá ọ̀ràn kan ni wọ́n ń sọ. Lẹ́tà tó wà nínú àpò rẹ̀, inú àpò náà ni kó wà. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí aṣọ ìfọ̀, orúkọ nìkan ló máa kù lọ́wọ́ yín, orúkọ náà ló sì ń tanni jẹ.

Èmi náà dà á. Lẹ́tà 11 wà nínú agolo bisikíìtì kan nínú pọ́tímántò wa, mo sì dà wọ́n mọ́ àwọn yòókù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé agolo yẹn, ti ayálégbé ni. Ohun tó gbà mí ni pé agolo náà ti dípẹtà, ìpẹtà rẹ̀ sì ti fi ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí gbogbo lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé bébà kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo ń wá ìlà pupa. Mo rí mẹ́wàá. Ẹyọ kan ṣì sọnù sáàárín wọn títí dòní.

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má fi ìpara kankan sí i. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ẹ pa fáànù. Bébà tó bá ti bu, ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ nínú ibòji, ẹ má gbé e sínú oòrùn, nítorí yíǹkì á ṣí, bébà á sì gan. Bí ikán bá ti wọ àpótí náà, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé kí ẹ tó ṣí i. Ọ̀rọ̀ ikán kò gba kí a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà

Nọ́ńbà ni, kì í ṣe orúkọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0001, kí ẹ sì máa lọ bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n láti òkè àpótí wá sí ìsàlẹ̀. Pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ ọ́, kó kéré, ní igun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ìwé. Fọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ọ̀rá kì í gba pẹ́ńsùlù. Ẹ wá àpò bébà funfun fún un, kí ẹ kọ nọ́ńbà sára àpò náà kí ẹ tó ki fọ́tò bọ inú rẹ̀.

Ẹ má lo báírò o. Yíǹkì rẹ̀ ń là á já sí iwájú. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, nítorí á di ràkọ̀ràkọ̀ pupa lẹ́yìn ọdún díẹ̀, á sì mú ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ yọ pínnì àti kílípù tó ti dípẹtà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lámínéètì ohunkóhun. Mo mọ̀ pé ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù ń ṣe é lówó pọ́ọ́kú, ó sì máa ń dán gbinrin tó bá jáde. Iná àti gọ́ọ̀mù ló fi ń ṣe é, kò sì sí bí a ṣe lè tú u mọ́. Mo ti rí ìwé ẹ̀rí ìbaptisí tí wọ́n lámínéètì pẹ̀lú èérún ikán nínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé nóòtù ńlá kan, kí ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ìlà fọ́tò tó dójú tì mí nìyí: “0041. Fọ́tò, dúdú àti funfun, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Ọkùnrin kan jókòó. Ẹ̀yìn: ‘Pa Odusanya’, báírò búlúù. Mo bá a láàárín Bíbélì àti rìsíìtì owó orí.” Mi ò kọ ẹni tó jẹ́. Ohun tí ojú rí nìkan la ń kọ sínú nóòtù yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ orúkọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́

Bí wọ́n bá kọ “Shonubi”, ẹ kọ “Shonubi”. Bí ó bá jẹ́ “Sonubi” ni, ẹ má fi h sí i fún wọn. Akọ̀wé àtijọ́ ń kọ Jebu Ode, Shagamu, Jebu Remo. Ọ̀nà tí ẹnì kan ń gbà kọ orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ àmì kan lára rẹ̀ bí ilà ojú. Bàbá bàbá mi kò fi h sí orúkọ kankan láyé rẹ̀, ayálégbé sì ń fi i sí gbogbo ibi tó bá ti rí s. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́kọ́ ya rìsíìtì wọn sọ́tọ̀, kí n tó mọ ohunkóhun mìíràn.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ènìyàn kan lè jẹ́ orúkọ mẹ́rin. Kí ogun Ìmágbọn láàárín Ìjẹ̀bú àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jà ní 1892, Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ rí míṣọ́nnárì sójú. Lẹ́yìn ogun náà ni ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ wá tàn kálẹ̀, tí ìsìn Mùsùlùmí náà sì ń gbilẹ̀ sí i. Ẹni tí ilé mọ̀ sí Ògún-nǹkankan di Olú-nǹkankan lọ́jọ́ ìbaptisí. Ẹlòmíràn di Bello tàbí Sanni. Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, Jeremiah ni orúkọ ìbaptisí wọn, ẹni tó bá ń wá Obáfẹ́mi nìkan nínú ìwé àtijọ́ lè ṣí ìwé wọn kọjá.

Ọmọ ìyá méjì náà lè máà ní orúkọ ìdílé kan náà. Èyí àkọ́kọ́ fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìkẹyìn nílé ẹ̀kọ́, èkejì fi ti bàbá àgbà ṣe é. Níbí ni ọ̀fìn tó jìn jù wà: orúkọ tí bàbá ń jẹ́ gan-an ni ọmọ gbé sẹ́yìn orúkọ tirẹ̀. Ọ̀fìn yìí ló gbé mi nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Odùsànyà kẹta, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Tí lẹ́tà bá jẹ́ èyí tí ìyàwó ilé kọ tàbí tó ní kí wọ́n bá òun kọ, ẹ má retí orúkọ rárá. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Á sọ wọ́n ní Akọ̀wé, Bàbá Kékeré, Ìbàdíàrán, Adúmáradán. Bí “Akọ̀wé” bá hàn nínú lẹ́tà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó àgbà tó kù pé ta ni ilé ń pè bẹ́ẹ̀. Wọn kì í gbàgbé, nítorí àwọn ló sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹni kan, káàdì kan

Ẹ gé páálí tàbí kí ẹ ra káàdì. Ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fura sí ní káàdì tirẹ̀, kódà bí orúkọ mẹ́ta bá jọra pátápátá. Èmi pe tèmi ní Odùsànyà A, B àti D. Ohun tí ẹ ó wá sórí káàdì ni orúkọ bàbá àti ìyá, àdúgbò, iṣẹ́, ìsìn, ìyàwó tàbí ọkọ, ọdún tó kọ́kọ́ hàn nínú ìwé àti ọdún tó hàn kẹ́yìn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ fi regbérégbé rẹ̀ kún un. Ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra ni, nítorí náà Odùsànyà tó wà ní Gbọ́baníyì kò lè jẹ́ Odùsànyà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Gbọ́baníyì.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ àdúgbò pẹ̀lú, nítorí àdúgbò náà ń jẹ́ orúkọ ara wọn. Ìlú 13 ló para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872. Mákún wà lára wọn, Ẹ̀pẹ́ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n Mákún-Omi wà lọ́hùn-ún ní etí omi Ìjẹ̀bú, Ẹ̀pẹ́ mìíràn sì wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Tí ìwé bá ní “ó ti lọ sí Ẹ̀pẹ́”, ó lè jẹ́ pé ó sọdá títì lásán ni, ó sì lè jẹ́ pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Káàdì mi nígbà yẹn kà báyìí. A: Pórógun, Ìjẹ̀bú-Òde, alágbẹ̀dẹ wúrà, ó kú ní 1958. B: Mákún, Ṣágámù, oníṣòwò obì, ó ń san owó ilé fún A. D: “J. Odusanya”, ó ń kọ lẹ́tà láti Jos. Orúkọ ìbaptisí A náà, J ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti fẹ́ gbé lẹ́tà Jos yẹn sábẹ́ A, kí n sì máa sọ fún àwọn ọmọ mi pé bàbá wa rin ìrìnàjò dé òkè ọya.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí ìwé sọ ọdún rẹ̀

Lẹ́tà Jos kò ní ọdún. “Friday, 14th June” ló wà lókè rẹ̀. Ọmọ kan ti gé sítáǹbù ara àpò rẹ̀ lọ (gbogbo ilé ló ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀). Ohun tó kù lára àpò náà ni àdírẹ́sì ilé wa, tó parí sí “Ijebu-Ode, Western State”. Nínú lẹ́tà, ó ní òun fi £5 ránṣẹ́.

Ìwọ̀nba yẹn tó. Oṣù karùn-ún 1967 ni wọ́n dá Western State sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, Western Region ni. Oṣù kejì 1976 ni Ìpínlẹ̀ Ògùn jáde láti ara rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà àti kọ́bọ̀, tí pọ́n-ùn àti ṣílè parí. Nítorí náà, lẹ́tà náà wà láàárín 1967 àti 1972. Mo ṣí kàlẹ́ńdà orí fóònù mi, mo ń lọ sẹ́yìn. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, 1968 nìkan ni ọjọ́ 14 oṣù kẹfà bọ́ sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ogun abẹ́lé ń jà nígbà náà, bàbá bàbá mi sì ti kú fún ọdún mẹ́wàá. Òkú kì í fi £5 ránṣẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ ló kọ ọ́, ẹni tó gbé orúkọ bàbá sẹ́yìn tirẹ̀.

Sítáǹbù ló yá jù, bí ẹ bá rí i. Sítáǹbù tó ní àkọlé Nigeria nìkan bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Bí ojú Ọba George Karùn-ún bá wà lára rẹ̀, 1936 ni ọba náà kú. George Kẹfà jẹ títí di 1952, Elizabeth sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ ohun tí sítáǹbù ń sọ ni ọdún tí lẹ́tà kò lè ṣáájú. Kò lè sọ ọdún tí kò lè kọjá, nítorí ẹni tó lahun lè fi sítáǹbù sí dúrọ́ọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń sọ òótọ́, bí ẹ bá lè kà á. Ẹ gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún yìí ń yanjú ti àwọn ènìyàn ńlá pẹ̀lú. Daniel Adésànyà ni orúkọ Àwùjalẹ̀ Gbélégbùwà Kejì, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1933 dé 1959. Abraham Adésànyà, lọ́yà tó di olórí Afẹ́nifẹ́re, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, 1922 ni wọ́n bí i. Ẹni tó bá rí “Adesanya” nínú ìwé ọ̀ràn oyè 1933, tó sì yára sọ ọ́ fún lọ́yà, ó ti fi ọmọ ọdún 11 sínú ọ̀ràn àgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fọ́tò

Ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òǹtẹ̀ ilé ayàwòrán máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, pẹ̀lú ìlú tó wà. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe bébà náà tàbí orúkọ irú bébà náà lè wà níbẹ̀: Kodak, Agfa, Velox. Etí tó rí wàrà-wàrà bí ehín ayùn wọ́pọ̀ lára fọ́tò àkókò 1940 sí 1960 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bébà tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ọ̀rá kò tíì wọ́pọ̀ kí 1970 tó dé. Tí wọ́n bá ní bàbá tó kú ní 1958 ló jókòó nínú fọ́tò onírú bébà bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn fọ́tò ńkọ́? Ẹ bèèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ìgbà tó kọ ọ́ kí ẹ tó gbà á gbọ́. “Pa Odusanya” tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ ọ́, mo mọ ọwọ́ wọn. Wọn kò purọ́: Pa Odusanya ni ayálégbé náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọdé inú ilé ń pè é. Èmi ni mo fi ìtumọ̀ tèmi kà á.

Ẹ wá wo iwájú. Aṣọ ìkélé ilé ayàwòrán àti ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ń tọ́ni sọ́nà: fọ́tò méjì tí òdòdó ara aṣọ ìkélé wọn bára mu, ibì kan náà ni wọ́n ti yà á. Aṣọ ẹgbẹ́ náà ń sọ̀rọ̀. Fọ́tò Ojúde Ọba tí gbogbo regbérégbé wọ aṣọ kan, bí ẹ bá mọ ọdún tí ẹgbẹ́ náà ra aṣọ yẹn, ẹ ti mọ ọdún fọ́tò, akápò ẹgbẹ́ sì máa ń ní ìwé ẹni tó sanwó. Ẹ fi etí wé etí bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ló wà nínú fọ́tò méjì. Imú àti ẹnu máa ń yí pẹ̀lú ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n bí etí ṣe ṣẹ́ po kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ ṣọ́ra bí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì bá wà lódì tàbí tí aago bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún: ayàwòrán lè ti tẹ fọ́tò náà lódì, ilà ojú á sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbé fọ́tò lọ bá àwọn àgbà, bí mo bá sì ní ká dín gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí kù sí ohun kan, èyí ni màá mú. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má sọ pé, “Mà, ṣé bàbá wa rèé?” Àgbà tó fẹ́ràn yín á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kàn gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ta rèé?” kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e síwá sẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ aṣọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ àga, wọ́n á ní irú bàtà yẹn ti pẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ á ti jáde. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, kí oorun ọ̀sán tó dé, kí ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ jáde kúrò nílé

Ìwé ìjọ ló súnmọ́ yín jù. Ìwé ìbaptisí àwọn Áńgílíkà ní àyè fún orúkọ òbí, ibi tí wọ́n ń gbé àti iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, àwọn ohun tí ẹ ń wá fún káàdì yín gan-an. Ẹ rí àlùfáà, ẹ lọ lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn. Ilé ẹ̀kọ́ tún wà: Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School ti wà láti 1913, àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì kún lójijì ní 1955 nígbà tí ìjọba Western Region bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má fi ọjọ́ orí inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ búra ṣá. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n fi ọwọ́ kọjá lórí kan etí láti wọn ọjọ́ orí. Ti ìwé ètò ìsìnkú wá burú jù, ẹni ọdún 79 á kú, á di 90 kí òǹtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ tán.

Ní ti ìwé ìjọba, National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kenneth Dike ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1954. Ẹ béèrè fún àkójọ tí wọ́n ń pè ní Ije Prof, ìyẹn ìwé Ìjẹ̀bú Province: ẹjọ́ oyè, ẹjọ́ ilẹ̀, owó orí, àti ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ẹ mú pẹ́ńsùlù lọ. Bí ẹni tí ẹ ń wá bá jẹ́ ará Rẹ́mọ, ẹ rántí ọdún 1938. Ọdún yẹn ni Rẹ́mọ kúrò lábẹ́ Àwùjalẹ̀, ní àkókò Akàrìgbò Adédoyin, ọba Rẹ́mọ. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ni àṣẹ ń gbà lọ, ẹ kọ́kọ́ wá a nínú ìwé ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá ìwé Ṣágámù. Mo ti lo ọjọ́ méjì gbáko lórí fáìlì tí kò yẹ nítorí pé mo gbàgbé ọdún kan yìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí bí ìwé ẹnì kan ṣe rí nígbà tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó dé Sopolu Library ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí ìwé Awólọ́wọ̀ wà.

Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà, ojú ewé àti fólúùmù. Èyí tó ṣáájú 1976, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é. Abẹ́òkúta ló kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kí ẹ tó so ìwé mọ́ ẹnì kan

Èmi kì í so ó àfi bí ohun mẹ́ta bá bára mu yàtọ̀ sí orúkọ, kí wọ́n sì ti orísun ọ̀tọ̀ wá. Iṣẹ́ nínú rìsíìtì, àdúgbò nínú ìwé ìbaptisí, ẹnu àgbà kan: ó tó. Ẹnu àgbà mẹ́ta tí wọ́n jọ jẹun pọ̀ láàárọ̀ yẹn, ẹnu kan ṣoṣo ni mo kà á sí.

Èyí tí kò bá tíì tó, ẹ ní àpò fún un, kí ẹ kọ “A kò tíì mọ̀” sára rẹ̀. Àwọn kan ń tijú àpò yìí. Tèmi ní ìwé mẹ́sàn-án nínú, ọkàn mi sì balẹ̀ ju ìgbà tí mo tẹ ẹ̀dà 300 lọ.

Ẹ ya gbogbo rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láìlo fláàṣì. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ skana, 300 dpi tó fún ìwé, 600 fún fọ́tò. Ẹ fi nọ́ńbà sọ fáìlì lórúkọ, 0041-iwaju, 0041-eyin. Ẹ̀dà kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí haadi ọ̀tọ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò tó ń gbé ìlú mìíràn.

Ẹ má sáré gbé ìwé ilẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí. Orúkọ tó jọra ni olè ilẹ̀ ń wá: yóò tẹ ìwé tiyín jáde, yóò ní Odùsànyà ni òun náà, kò sì ní purọ́. Lẹ́tà tó bá sọ̀rọ̀ gbèsè tàbí ọmọ tí wọ́n bí síta, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó kàn sí yàrá. Ìwé tó bá jẹ́ ti ìdílé mìíràn, ẹ dá a padà. Mo gbé lẹ́tà mẹ́wàá àti agolo bisikíìtì náà lọ sí Mákún fún ọmọ-ọmọ ayálégbé wa. Ó jókòó sílẹ̀, ó ka àkọ́kọ́, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Fọ́tò 0041 náà wà nínú ohun tí mo gbé lé e lọ́wọ́.

Nítorí náà, mi ò tíì ní fọ́tò bàbá bàbá mi. Ẹyọ kan wà nínú àpò “A kò tíì mọ̀”, 0067, ọkùnrin kan tó dúró níwájú ilé, oòrùn sì ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Àgbà méjì kò dá a mọ̀. Ìkẹta, ní Ìjàsì, ní òun kò mọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n òun mọ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tó rán an. Ó ní kí n padà wá ní Sátidé.